Jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìlú Elédè Púpọ̀: Ìtàn Èdè àti Ìtọ́jú Ọmọdé láti Àgbádárìgì 1843 títí di 2025

ÀṢAMỌ̀

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àríyànjiyàn ti ń lọ ní Nàìjíríà lórí èdè tí ó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú ọmọdé, kí wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ohùn méjì ni ó máa ń dún jù nínú rẹ̀: ohùn àwọn tí ó fara mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ohùn àwọn tí ó fara mọ́ èdè abínibí. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ àríyànjiyàn náà láti Àgbádárìgì ní 1843 dé ìkéde ìjọba àpapọ̀ ní 2025. Ó fi hàn pé ọmọ kan wà tí ohùn méjèèjì gbàgbé, ìyẹn ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í sì í ṣe èdè àdúgbò. Ó parí rẹ̀ sí pé jẹ́lé-ó-sinmi tí ó fi ààyè gba èdè ju ẹyọ kan lọ ni ó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra.

ÌFÁÁRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Nínú agbo ilé àtijọ́, ìyá nìkan kọ́ ni ó ń tọ́ ọmọ. Ìyá àgbà ń fi oríkì kí i, ẹ̀gbọ́n ń pọ̀n ọ́n, aládùúgbò ń bù ú lóúnjẹ, ìyàwó ilé ń fi orin rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Òwe náà kò sọ pé igba ènìyàn tí ń wo ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ elédè kan ṣoṣo. Ní àwọn ìlú bí Èkó, Ìbàdàn àti Àgbádárìgì, níbi tí òwò, ìjọ, iṣẹ́ ọba àti ìgbéyàwó ti kó oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ, ó ti pẹ́ tí ọmọdé ti ń gbọ́ ju èdè kan lọ kí ó tó mọ ìrìn.

Orúkọ tí Yorùbá fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré, jẹ́lé-ó-sinmi, jẹ́ kí ohun tí òbí ń fẹ́ yé ni: kí ọmọ wà ní ọwọ́ rere, kí ilé ó lè sinmi. Ṣùgbọ́n ilé kì í sinmi bí ọmọ kò bá rí ẹni gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Bí ọmọ ọdún méjì tí a bí ní ilé Hausa bá ń ké “ruwa”, tàbí tí ọmọ Ìgbò bá ń ké “mmiri”, tí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ kò sì mọ̀ pé omi ni ó ń béèrè, òùngbẹ ni yóò máa gbẹ ọmọ náà níwájú àmù. Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ èdè nínú ìtọ́jú ọmọdé nìyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan; ọ̀rọ̀ omi, oúnjẹ, ìrora àti ìtùnú ni pẹ̀lú.

ÀGBÁDÁRÌGÌ, 1843

Nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ìgbàlódé ní Nàìjíríà, Àgbádárìgì ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí ilé ìwé kìn-ín-ní ti bẹ̀rẹ̀. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wẹ́sílì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. William de Graft àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n bá iṣẹ́ náà wá láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀ ní 1843. “Nursery of the Infant Church” ni wọ́n sọ ọ́. Ìjọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ni wọ́n fi orúkọ náà júwe, bí àgbẹ̀ ti ń pe ibi tí ó ti ń tọ́jú irúgbìn kéékèèké. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọdé wà lára orúkọ ilé ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí Babs Fafunwa ti kọ ọ́ nínú ìtàn ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, àwọn ọmọ ibẹ̀ tó àádọ́ta, ọmọ àwọn Sàró tí ó ti Freetown padà wálé sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo irú ìlú tí wọ́n wà. Ègùn ni èdè onílùú. Yorùbá wà lẹ́nu àwọn ará ìlú mìíràn àti àwọn oníṣòwò. Àwọn Sàró ń sọ Yorùbá tí wọ́n gbé lọ sí oko ẹrú, wọ́n sì tún ń sọ irú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ ní Freetown. Àwọn olùkọ́ wọn fúnra wọn sì jẹ́ àlejò láti etí òkun tí a ti ń sọ èdè Fante. Ilé ìwé tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ elédè kan náà kọ́ ni Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀. Elédè púpọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Òfin ni ó wá ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀.

ÈKÓ ÀTI ÒFIN 1882

Ní ìdajì kejì sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Èkó kún fún àwọn ìdílé tí àṣà wọn yàtọ̀ síra. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ wà níbẹ̀. Sàró wà níbẹ̀. Àgùdà tí ó ti Brazil padà ń sọ Pọtogí nínú ilé. Àwọn Hausa tí Glover kó jọ ṣe ọlọ́pàá náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ìjọ ní tiwọn ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìwé. Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti 1843, wọ́n sì fẹnu kò lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní 1875.

Ní 1882, nígbà tí Èkó wà lábẹ́ ìṣàkóso kan náà pẹ̀lú Gold Coast, ìjọba gbé òfin ẹ̀kọ́ kan jáde. Òfin yìí so owó ìrànwọ́ mọ́ kíka àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ya nǹkan kan sọ́tọ̀ fún èdè ilẹ̀ yìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó bínú sí i nínú ìwé ìròyìn. Láti ìgbà náà ni ìjà ti di ìjà ẹni méjì, Gẹ̀ẹ́sì ní apá kan, Yorùbá ní apá kejì.

Ìtàn àwọn Àgùdà fi ohun tí ìjà ẹni méjì máa ń fojú fò hàn. Pọtogí kò sí lápá ọ̀tún, kò sì sí lápá òsì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Orúkọ ìdílé bíi da Rocha àti Pereira ṣẹ́kù; ilé aláràbarà ṣẹ́kù; frejon tí wọ́n ń sè ní ọjọ́ Ẹtì kí Àjíǹde tó dé ṣẹ́kù; ṣùgbọ́n èdè náà lọ. Ilé ìwé nìkan kọ́ ni ó fà á, nítorí pé ìgbéyàwó àti òwò pẹ̀lú ará ìlú dá kún un. Síbẹ̀, èdè tí kò bá rí ibùjókòó níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọdé, ọdún rẹ̀ kì í pọ̀.

ṢÀBÓ ÌBÀDÀN ÀTI Ẹ̀KỌ́ Ọ̀FẸ́ 1955

Ṣàbó ní Ìbàdàn yàtọ̀ sí ti Àgùdà. Ní 1916 ni wọ́n ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa oníṣòwò obì àti màlúù. Abner Cohen, tí ìwé rẹ̀ lórí Ṣàbó jáde ní 1969, ṣàlàyé bí wọ́n ti di ìṣe, ẹ̀sìn àti èdè wọn mú nígbà tí wọ́n ń bá Yorùbá dòwò lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò náà ní ibì kan tí èdè ilé wọn ti jẹ́ èdè ìtọ́jú: iyàrá ìyá wọn, iwájú ilé àgbà, àti ilé kéwú. Wọ́n sì ní ibòmíràn tí Yorùbá ti ń wọ̀ wọ́n létí: ọjà àti ojú títì. Kò sí ẹni tí ó ka èdè kan sí ọ̀tá èkejì fún wọn.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000. Ènìyàn lè gbàgbé lónìí pé agbègbè yẹn kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Títí di 1963, tí wọ́n yọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára rẹ̀, Ẹ̀dó, Urhobo, Itsekiri, Ijaw àti àwọn Ìgbò ìhà ìwọ̀-oòrùn odò Ọya wà nínú rẹ̀. Ètò tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ gba ọmọ wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ọmọ ogójì wà níwájú rẹ̀ kò ní ohun tí yóò tọ́ ọ sọ́nà lórí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí kò gbọ́ èdè àwọn yòókù.

ÌWÁDÌÍ IFẸ̀, 1970, ÀTI ÈTÒ Ẹ̀KỌ́ 1977

Ní 1970, Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri àgbáyé. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àkọ́kúntẹni. Ọ̀wọ́ kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Àwọn tí ó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ títí dé òpin ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì sọnù lọ́wọ́ wọn. Ìwé tí ó kó àbájáde náà jọ jáde ní 1989.

Ìwádìí yìí fìdí òtítọ́ kan múlẹ̀: èdè tí ọmọ gbọ́ ni ọ̀nà sí ìmọ̀. Àmọ́ ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti jẹ́ elédè kan náà ni wọ́n ti ṣe é. Kò dáhùn ìbéèrè nípa kíláàsì tí èdè mẹ́rin wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè náà kọ́ ni wọ́n gbé síwájú.

Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè tí ó jáde ní 1977, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1981, 1998, 2004 àti 2013, pàṣẹ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí wọ́n lò fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kékeré náà, “tàbí”, ni ọmọ àlejò ti ń ṣubú. Ní Mushin, èdè àdúgbò ni Yorùbá, ó sì jẹ́ èdè abínibí fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Fún ọmọ Tiv tí ó jókòó tì í, àdúgbò nìkan ni ó jẹ́. Òfin ṣẹ lára ọmọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ó gbọ́ olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni kò tilẹ̀ tẹ̀ lé òfin náà rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tà fún òbí, wọ́n sì ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀.

ÀWỌN ỌMỌ YORÙBÁ LỌ́WỌ́ ALÁGBÀTỌ́ NÍ ÌLÚ ỌBA

Ní ilé, Yorùbá ni onílùú, ẹlòmíràn ni àlejò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ipò yí padà, Yorùbá fúnra wọn sì mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ àlejò. Láti àárín àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí ó lọ kàwé níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Onílé kì í fẹ́ gba àyálégbé tí ó ní ọmọ, ibi ìtọ́jú ọmọ kò sì tó. Wọ́n ń fi ìpolówó sí ìwé ìròyìn Nursery World láti wá alágbàtọ́, wọ́n sì ń gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ aláwọ̀ funfun ní Kent, Sussex àti àwọn ibòmíràn. Lójú òbí, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí fífi ọmọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà bí àṣà ilé ti rí.

Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà ń bá ọmọ sọ èdè ìdílé. Alágbàtọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà láìgbọ́ Yorùbá, ìgbà tí wọ́n sì padà sọ́dọ̀ àwọn òbí wọn, ògbufọ̀ ni ó kù kí wọ́n wá láàrin ọmọ àti ìyá àgbà. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù fún òbí Yorùbá, tí wọ́n sì fi sọ́dọ̀ irú alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming, tí ó jáde ní 2018.

Ojú ìjọba ibẹ̀ náà là díẹ̀díẹ̀. Ìjábọ̀ Bullock ti 1975 sọ pé kò yẹ kí ọmọ bọ́ èdè àti àṣà ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Òfin Àwọn Ọmọdé ti 1989 sì pàṣẹ fún ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n máa ro ti ẹ̀sìn, ẹ̀yà, àṣà àti èdè ọmọ tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn. Fún àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà kí òfin náà tó dé, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

ǸJẸ́ ÈDÈ PÚPỌ̀ Ń DA ỌMỌ LÁÀMÚ?

Ìbẹ̀rù àwọn òbí ni pé bí èdè bá pọ̀, orí ọmọ yóò dàrú. Ìbẹ̀rù yìí ní ìtàn. Ní 1923, D. J. Saer tẹ ìwádìí kan jáde láti Wales, tí ó ní àwọn ọmọ elédè méjì rẹ̀yìn nínú ìdánwò làákàyè. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn ṣàkíyèsí pé ọmọ oko ni àwọn tí ó rẹ̀yìn náà, àti pé ipò ìgbésí ayé àwọn ọmọ tí wọ́n fi wéra kò dọ́gba. Ní 1962, Elizabeth Peal àti Wallace Lambert fi àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Montreal wéra lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i pé ipò àwọn òbí wọn bára mu. Àwọn elédè méjì ni ó mókè. Àwọn kan sọ pé ọmọ tí èdè méjèèjì dán mọ́nrán lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ṣà, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àbájáde yìí ṣèlérí pé èdè púpọ̀ nìkan yóò sọ ọmọ di ọlọ́gbọ́n. Ohun tí ó dájú ni pé ẹ̀rí àtijọ́ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba òbí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ọmọdé a máa po èdè pọ̀ nínú gbólóhùn. Èyí kì í ṣe àrùn, ọgbọ́n tí ó fi ń lo ohun tí ó ní lọ́wọ́ ni.

LÁTI 2022 DÉ 2025

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò èdè tuntun tí ó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà. Adamu Adamu, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ṣàlàyé pé èdè tí ó gbilẹ̀ jù ní àdúgbò ilé ẹ̀kọ́ ni wọn yóò lò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà Tunji Alausa kéde pé wọ́n ti fagi lé ètò náà, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ariwo sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn méjì àtijọ́ sì tún gba pápá.

Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn láti 1882 yóò rí i pé ìpinnu méjèèjì jọ ara wọn ní ọ̀nà kan. Ti 2022 mú èdè kan ṣoṣo fún àdúgbò. Ti 2025 mú èdè kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè. Ọmọ Ègùn nínú kíláàsì tí Yorùbá ti pọ̀ ní Àgbádárìgì kò sí nínú ti àkọ́kọ́, kò sì sí nínú ti èkejì.

OHUN TÍ OLÙKỌ́ LÈ ṢE

Ìṣòro tòótọ́ wà níbẹ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Nàìjíríà ju 500 lọ, olùkọ́ kan kò sì lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òbí náà ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú elédè púpọ̀ kò béèrè pé kí olùkọ́ di ọ̀gbẹ̀rì tí ń kó èdè jọ kiri. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́ àti òbí pọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ wọlé, kí olùkọ́ béèrè èdè tí ìyá, bàbá àti ìyá àgbà ń bá a sọ, dípò kí ó fi orúkọ ìdílé méfò. Kí ó kọ́ bí wọ́n ti ń pe orúkọ ọmọ náà gan-an. Kí ó gba ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lẹ́nu òbí, kí ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri: omi, oúnjẹ, ìgbẹ́, ìtọ̀, oorun, ìrora, ìyá, wá, ó tó, pẹ̀lẹ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú tàbí àwọn alásè bá gbọ́ Hausa tàbí Ègùn, kí wọ́n jẹ́ kí ó máa bá ọmọ elédè rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba. Kí wọ́n pe àwọn ìyá àgbà láti pa àlọ́ ní èdè wọn, kí àwọn ọmọ Yorùbá náà lè kọ́ láti kí ẹlẹgbẹ́ wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n má ṣe fìyà jẹ ọmọ nítorí èdè tí ó mu nínú wàrà ìyá rẹ̀. Kò sí èyí tí ó gba owó púpọ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó dí ọmọ lọ́wọ́ láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

ÌKÁDÌÍ

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ̀ fi hàn pé àwọn ìdílé elédè púpọ̀ kì í ṣe àlejò tuntun nínú ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Ọmọ wọn ni ó kún ilé ìwé kìn-ín-ní. Pọtogí àwọn Àgùdà kò rí ibi jókòó, ó lọ. Hausa Ṣàbó rí ibi jókòó, ó sì ń gbé pọ̀ pẹ̀lú Yorùbá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ ní Ìlú Ọba fi hàn pé kò sí ẹ̀yà tí ó ga ju ipò àlejò lọ. Ẹni tí ó bá ń dun Yorùbá pé èdè rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè nípa ọmọ Ègùn tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀. Òfin yóò máa yí padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yí padà láti 1882. Ọmọ ọdún méjì tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè dúró dè é. Olùkọ́ tí ó mọ ọ̀rọ̀ omi ní èdè ọmọ náà ni yóò bu omi fún un.